Ère Tí A Fi Pàǹtí Ṣe: Ṣé Ó Ń Sọ̀rọ̀ Ni, Àbí Ó Kàn Ń Dán?

Àwọn àgbà wa ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, eérú, èèpo iṣu, èèpo àgbàdo àti ewé tí a fi wé ẹ̀kọ ló ń dé orí ààtàn. Ààtàn a gba gbogbo rẹ̀, a jẹrà, a di ilẹ̀ ọlọ́ràá tí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ń hù lórí rẹ̀. Lónìí, ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ike àti agolo ni a ń dà síbẹ̀. Ààtàn kò kọ̀ wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè jẹ wọ́n. Àwọn àgbà tún ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ọ̀rá ní tirẹ̀ lè wà lára ọṣẹ títí ọṣẹ yóò fi tán, ọ̀rá náà ni yóò máa jẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ní ilẹ̀ Áfíríkà fi yà sí orí ààtàn láti wá ohun tí wọn yóò fi gbẹ́ ère. Akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà ni mí ní Àrán-Ọ̀rin, iṣẹ́ ọnà sì wà lára ẹ̀kọ́ tí mo yàn. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fi pàǹtí ṣe ère, kíá ni a máa ń pàtẹ́wọ́ fún un, tí a ó máa sọ pé ó ń dáàbò bo àyíká. Àtẹ́wọ́ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó máa ń yá jù. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: báwo ni a ṣe lè mọ ère tó ń jíṣẹ́ fún wa yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń dán lójú?

Kí n tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Èsìé kò jìnnà sí wa. Níbẹ̀ ni àwọn ère òkúta tí gbogbo ayé mọ̀ wà, wọ́n tó ẹgbẹ̀rún kan níye. Ní ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ìwé àwọn ìjọ C.M.S., fi ọ̀rọ̀ wọn tó ìjọba létí, nígbà tó sì di ọdún 1945, a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé àlejò ni àwọn ère wọ̀nyí kí wọ́n tó di òkúta. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ ìtàn kankan fún ọ, bí o bá ti dúró níwájú wọn, o ti mọ̀ pé ènìyàn pàtàkì ni wọ́n. O ó rí irun tí a dì, ilà ojú, àpótí ìjókòó, ọwọ́ tí a gbé lé orúnkún. Ère náà ti sọ̀rọ̀ kí ẹni tó ń mú wa yíká tó ya ẹnu.

Ibẹ̀ ni mo ti rí òṣùwọ̀n àkọ́kọ́: ère gbọ́dọ̀ jẹ́ ère kó tó di ìwàásù. Òṣùwọ̀n kejì kan ère tí a fi pàǹtí ṣe nìkan: ohun tí a fi ṣe é gbọ́dọ̀ ṣì máa jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Bí a bá kun ike ní ọ̀dà títí tí kò fi jọ ike mọ́, kí ni a fi ike ṣe é fún? Òṣùwọ̀n kẹta ni pé kí ère náà kan ẹni tó da pàǹtí náà sílẹ̀ lára, kó má jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ra ère nìkan ni inú rẹ̀ yóò dùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n wọ̀nyí wo iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta tí orúkọ wọn ti kárí ayé. Àwòrán iṣẹ́ wọn ni mo rí, mi ò tíì dé iwájú ère náà gan-an, nítorí náà ohun tí àwòrán lè fi hàn ni mo máa gbé ìdájọ́ mi lé.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Dọ̀tun Pópóọlá, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1981. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Auchi Polytechnic àti ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì lọ sí ìpínlẹ̀ South Dakota ní Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ John Lopez láti kọ́ bí a ṣe ń jó irin àlòkù pọ̀ di ère. Irin mọ́tò, ọ̀kadà àti ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ló ń kó jọ, tó fi ń ṣe ẹṣin, kìnnìún, àkùkọ àti ẹja. Ní ti òṣùwọ̀n àkọ́kọ́, ó gbégbá orókè. Ẹṣin rẹ̀ ń sáré níbi tó dúró sí. Ní ti èkejì náà, ó yege, torí bí o bá sún mọ́ ọn, o ó rí ṣéènì ọ̀kadà níbi tó yẹ kí iṣan wà. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá rí ọwọ́ Ògún nínú iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó bọ ọ́ níbẹ̀.

Orí òṣùwọ̀n kẹta ni mo ti ń ṣiyèméjì. Kì í ṣe irin ló ń dí gọ́tà wa. Irin àlòkù ti ní olówó tirẹ̀: àwọn ọmọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri àdúgbò ń rà á lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Bí Pópóọlá kò bá mú irin náà, ẹlòmíràn yóò mú un. Ohun tí kò sí ẹni tó ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ni ọ̀rá. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní ẹṣin onírin ń gba àyíká là, a ti fi kún ọ̀rọ̀. Ẹṣin náà rẹwà, ó sì kọ́ wa pé ohun tó bàjẹ́ lè wúlò. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tó da nǹkan nù.

Ẹnì kejì ni El Anatsui, ọmọ Ghana tí a bí ní ọdún 1944, tó wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka láti ọdún 1975. Nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń parí lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdérí ìgò ọtí jọ. Òun àti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ a tẹ ìdérí náà pẹlẹbẹ, wọn a ká a, wọn a sì fi wáyà bàbà so ó pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí yóò fi dà bí aṣọ ńlá tó bo ògiri. Ní ọdún 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice nítorí iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2023, iṣẹ́ rẹ̀ kún gbọ̀ngàn ńlá Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bí mo bá wo aṣọ rẹ̀, aṣọ òkè ni mo máa ń rántí: tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rán pọ̀ di agbádá. Àwọn kan ń pè é ní olùgbàlà àyíká, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí a dá iṣẹ́ náà dúró sórí àtúnlò nìkan. Ìtàn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọtí wà lára ohun tí àwọn òyìnbó kó wá sí etíkun wa ní ayé òwò ẹrú, ìdérí ìgò sì ni ẹlẹ́rìí tó ṣẹ́kù. Mo fara mọ́ ọn. Ìwọ̀sí ni fún iṣẹ́ tó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí a bá kàn rí i bí ọ̀nà láti palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́.

Ẹnì kẹta ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ní ilé ìwé wa. Romuald Hazoumè ni orúkọ rẹ̀. Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ni a ti bí i ní ọdún 1962, ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá, ìran Yorùbá sì ni. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tó ti gbó ló ń lò. Ó a gé e, a yí i, ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì a di imú, ẹnu kẹ́ẹ̀gì a di ẹnu ènìyàn. Nígbà mìíràn a fi nǹkan díẹ̀ kún un bí irun. Bó ti mọ nìyẹn, síbẹ̀ ènìyàn ló ń wò ọ́ yẹn. Kò fi ọ̀dà pa kẹ́ẹ̀gì náà mọ́, ọmọdé tó bá rí i yóò ní, "Kẹ́ẹ̀gì nìyí!" kó tó ní, "Ojú nìyí!" Òṣùwọ̀n méjèèjì àkọ́kọ́ pé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí kẹ́ẹ̀gì náà ti wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo tí kò wọ́n ní Nàìjíríà ni wọ́n ń gbé gba ẹ̀yìn kọjá ẹnubodè lọ tà ní Benin, lórí ọ̀kadà tí wọ́n so kẹ́ẹ̀gì mọ́ yíká. Kí kẹ́ẹ̀gì lè gba epo sí i, wọ́n a yan án lórí iná kó lè wú. Bó bá wú jù, ó lè bẹ́ nígbà tí epo bá wà nínú rẹ̀, kó sì jó ẹni tó gbé e. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì tó wú lójú ère Hazoumè kì í ṣe ohun tí a ṣàdédé ṣà nílẹ̀. Ẹnì kan ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ńlá kan ni èyí tó pè ní La Bouche du Roi, ìyẹn Ẹnu Ọba, orúkọ ibì kan ní etíkun Benin tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 2005, British Museum sì rà á. Ní ọdún 2007, tí òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fòpin sí òwò ẹrú pé igba ọdún, wọ́n gbé e yíká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú kẹ́ẹ̀gì 304 ló tò sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi Brookes nínú àwòrán tí àwọn tó ń bá òwò ẹrú jà tẹ̀ jáde láyé ọjọ́un. Òórùn ń bọ̀ láti inú iṣẹ́ náà, ohùn sì ń pe orúkọ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá àti àwọn èdè Benin mìíràn. Ní ìdí ọkọ̀, ojú ọba dúdú àti ojú ọba funfun ló wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n sì wà láàárín wọn. Hazoumè kò dá òyìnbó nìkan lẹ́bi, ó pe àwa náà lẹ́jọ́. Ohun tó sì sọ di ọ̀kan ni pé ẹni tí a lò tí a sì jù nù, àti kẹ́ẹ̀gì tí a lò tí a sì jù nù, ọwọ́ kan náà ló jù wọ́n. Òṣùwọ̀n kẹta nìyẹn, ó sì kọjá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn olókìkí nìkan ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ti ṣe ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe, wáyà ni egungun rẹ̀, ọ̀rá aláwọ̀ oríṣiríṣi ló lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì fi ọ̀dà fàdákà pa á. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀rá tuntun ni, ọjà ló ti rà á. Ó ra pàǹtí láti fi bá pàǹtí jà! Nígbà tí olùkọ́ wa bi í léèrè ibi tó ti rí ọ̀rá náà, kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé ewúrẹ́ náà lọ sílé.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí àwa ọmọ ilé ìwé mu tán ló ṣà, ó fọ̀ ọ́, ó sì fi okùn rán an pọ̀. Kò fi ọ̀dà kàn án rárá. Ó la ikùn ewúrẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ki ọ̀rá tó dì bí ìkùukùu ẹ̀ṣẹ́ sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn alápatà ṣe máa ń bá a nínú ẹran tó ti jẹ ọ̀rá kiri ìgboro. Àtẹ́wọ́ tó gbà kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ wa, ìyá kan tó ń sin ewúrẹ́ dúró síwájú rẹ̀ pẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé báyìí ni inú tèmi tó kú náà ṣe rí?" Kò sí ẹni tó bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níwájú ewúrẹ́ fàdákà. Mi ò ní tìtorí èyí yìn ín kọjá ààlà o. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà tínrín jù, ara ògiri la fi tì kó tó dúró, òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ kò tíì pé. Bó bá ṣe ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ ni kó mójú tó.

Ẹnì kan lè sọ pé gbogbo èyí kò kan gọ́tà, pé ère kò gbá ilẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Ère ẹgbẹ̀rún kan kò lè tán ọ̀rá tí ọjà Òmù-Àrán ń dà sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Iṣẹ́ òfin àti ti ìjọba nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè mú ojú ríran. Ọ̀rá ti mọ́ wa lójú tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í rí i mọ́. A ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá lọ sí oko, a ń hú u pẹ̀lú ọkọ́, a ń dáná sun ún, a sì ń fa èéfín rẹ̀ símú. Ère tó dára a mú wa dúró, a ní kí a tún un wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ fi pàǹtí ṣe ère, ẹ ṣà á, ẹ má rà á. Ẹ yan èyí tó ń dààmú ìlú yín gan-an, ẹ má sì fi ọ̀dà bo orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wá pé níbo la ti rí i, kí ẹ tó fún wa ní máàkì. Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ yín bá kó ọ̀rá wọlé láti fi ṣe iṣẹ́ ọnà, ẹ má lé e jáde, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ sọ.

Àwọn tó gbẹ́ ère Èsìé fi òkúta sílẹ̀ fún wa, a sì ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé wọ́n mọ irun dì, pé wọ́n mọ ọnà, pé wọ́n ní àpọ́nlé. Ọ̀rá tí a ń jù sílẹ̀ lónìí kò ní jẹrà bọ̀rọ̀. Bí ọmọ ọmọ wa bá gbẹ́ ilẹ̀ Àrán-Ọ̀rin lọ́jọ́ iwájú, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bá, òun ni wọn yóò sì fi mọ irú ènìyàn tí a jẹ́.