Pípa Ohun Tí A Kọ Rẹ́ Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́: Lámèyítọ́ Àpilẹ̀kọ Charles Bennett

Lọ́dún 1982, ọdún tí wọ́n dá yunifásítì tí à ń pè ní EKSU lónìí sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, ni Charles Bennett ti ilé-iṣẹ́ IBM l'Amẹ́ríkà tẹ “The Thermodynamics of Computation” jáde. Ìbéèrè ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: agbára mélòó ni ìṣírò ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ tàbí ohun ẹlẹ́mìí? Bennett dáhùn pé a lè ṣírò kí ìnáwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Pípa àkọsílẹ̀ rẹ́ ni owó orí rẹ̀ kò ṣeé yẹ̀.

Rolf Landauer ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìparẹ́ yìí lọ́dún 1961, Bennett kò sì fi í pamọ́. Ẹ̀bùn tirẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó pè: RNA polymerase, ẹ́ńsáìmù tó ń da àkọsílẹ̀ DNA kọ sínú RNA. Ooru àyíká ń tì í síwá, ó ń tì í sẹ́yìn. Pyrophosphate tó ń já bọ́ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ibi tí yóò forí lé: bí sẹ́ẹ̀lì bá ń kó o kúrò, iṣẹ́ a tẹ̀ síwájú, bó bá kún ilẹ̀, iṣẹ́ a padà. A gbà pé àpẹẹrẹ yìí fakọ yọ, torí pé inú ara òǹkàwé gan-an ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Èdè ibẹ̀ le, ṣá. Ẹni tó bá gbọ́ físíìsì nìkan ni àlàyé lórí ìparẹ́ lè tètè yé, bẹ́ẹ̀ ọpọ́n Ifá ìbá ti là á yéni. Ààyè 8 ni babaláwo ń tẹ̀ sórí ìyẹ̀rosùn, ojú kan tàbí méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan; ibẹ̀ ni odù 256 ti wá. Bó bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́, ọpọ́n kò lè sọ odù tó wà níbẹ̀ mọ́. Ohun tó sọnù yẹn gbọ́dọ̀ bá ooru jáde, bó ti wù kó kéré tó.

Àléébù kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bennett ṣírò owó iṣẹ́, kò dúró ti owó ìtọ́jú ilé tí iṣẹ́ ti ń wáyé. Ìyá oníṣu tó ń fi orí ṣírò l'Ọ́jà Ọba ń lo ọpọlọ tó ń gba bíi wáàtì 20, ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń ná bó bá sinmi. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń lọ sórí kíkó iyọ̀ kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì kí ó lè wà ní ìmúra fún ìró tó kàn. Bí ìyá náà kò tilẹ̀ ṣírò kọ́bọ̀, iyán tó jẹ ṣì ń san owó yẹn.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ṣe ìdánwò tó fìdí ọ̀rọ̀ Landauer múlẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ wa l'Ádó-Èkìtì fi Yorùbá kọ́ni ní i, kí wọ́n gbé ọpọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ DNA.