Orúkọ Pọ̀ Ju Ẹ́ńjìnì Lọ: Lórí Yíyan Búráúsà fún Kọ̀ǹpútà Ilé

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń bi mí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kì í ṣe ti lítíréṣọ̀ mọ́. "Prof, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló yá jù, Chrome ni àbí Firefox?" Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ kò kan ibi tó yẹ kó kàn. Lórí kọ̀ǹpútà ilé tí kò tíì gbó jù, gbogbo wọn ló yá tó. Bí ojú ìwé bá ń wọ́ bí ìgbín, nẹ́tíwọ̀kì ló sábà máa ń fà á, tàbí ìpolówó tó kún inú rẹ̀. Ohun tí lámèyítọ́ máa ń béèrè nípa iṣẹ́ ọwọ́ èyíkéyìí ni kí á béèrè nípa búráúsà náà: ta ló ṣe é, kí ló ń wá lọ́wọ́ wa, irú ìwé kíkà wo ló sì gbà wá láàyè láti kà?

(Mo mọ̀ pé "aṣàwákiri" ni àwọn tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é. Orúkọ náà dára. Àmọ́ mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀, nítorí náà búráúsà ni màá máa lò.)

Nínú búráúsà kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnì kan wà tó ń gba kóòdù ojú ìwé, tó sì ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, àwọ̀ àti àwòrán tí à ń rí. Ẹ́ńjìnì yìí ni ara. Orúkọ àti àmì tó wà lórí rẹ̀, aṣọ lásán ni. Mẹ́ta péré ni ẹ́ńjìnì tó ṣì lẹ́nu lónìí: Blink ti Google, WebKit ti Apple, àti Gecko ti Mozilla. Chrome, Edge, Opera, Brave, Vivaldi, Blink ni gbogbo wọn ń lò. WebKit ni ti Safari, Safari kò sì sí fún Windows mọ́. Nítorí náà, ẹni tó ní Windows nílé, tó rò pé òun ń yan láàárín mẹ́fà, láàárín méjì ló ń yàn: Firefox tó ń lo Gecko, àti àwọn yòókù. Bí ẹni tó lọ ra iṣu lọ́jà ni, tó ń ná a láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tí kò mọ̀ pé oko kan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ti ń kó o wá.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Opera, tí wọ́n bí ní Norway ní 1995, tí púpọ̀ nínú yín fi Opera Mini rẹ̀ mọ íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù kékeré, ní ẹ́ńjìnì tirẹ̀ títí di 2013 kó tó sọ ọ́ nù. Edge náà ní tirẹ̀ nígbà tó jáde ní 2015. Nígbà tó di 2020, Microsoft gbé ẹ́ńjìnì Google wọ̀ ọ́. Ẹ rò ó wò: bí Microsoft, pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀, bá lè sọ pé òun ò ṣe mọ́, ta ni yóò ṣe é?

Ẹnìkan lè ní, "Ṣé ó wá burú ni? Tó bá ṣáà ń ṣiṣẹ́." Ẹni tó bá ti dàgbà tó láti rántí Internet Explorer kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Netscape ló ń jọba nígbà náà. Microsoft gbé tirẹ̀ jáde ní 1995, ó so ó mọ́ Windows, ó sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà pè é lẹ́jọ́ ní 1998, àmọ́ kí ẹjọ́ náà tó parí, Netscape ti rọ lójú ọjà. Kí ni Microsoft wá fi ìṣẹ́gun yẹn ṣe? Ó gbé Internet Explorer 6 jáde ní 2001, ó jókòó. Ẹ̀dà keje kò dé àfi ní 2006. Ọdún márùn-ún! Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn tó ń ṣe ojú ìwé ń ṣe é fún búráúsà kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀. Firefox tó jáde ní 2004, látinú kóòdù tí Netscape fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1998, ló wá ta á jí.

Irú ìṣe yẹn ló ń padà bọ̀. Mo ti bá fọ́ọ̀mù pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé Chrome nìkan ni kí èèyàn fi ṣí i. Ta ló fún wọn láṣẹ? Chrome kò ṣe nǹkan kan láti pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Pípọ̀ tó pọ̀ ló ń pàṣẹ.

Google kì í sì í ṣe ẹni tó kàn fẹ́ ká ríwèé kà. Ìpolówó ló ń jẹ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ uBlock Origin, ohun àfikún ọ̀fẹ́ kan tó ń dí ìpolówó lọ́nà. Google yí òfin ohun àfikún padà nínú Chrome, nígbà tó sì di 2025, uBlock Origin gidi kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ti gé lápá ló kù. Google ní nítorí ààbò ni. Ó lè jẹ́ òótọ́ díẹ̀. Àmọ́ ní Firefox, odindi rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Fún àwa tí a ń fi owó ra dátà kí á tó lè ka nǹkan, ọ̀rọ̀ owó gidi lèyí: fídíò ìpolówó tí ẹ kò pè, dátà yín ló ń jẹ.

Ibi tó dùn mí jù ni ti èdè. Ẹ ṣí ojú ìwé Yorùbá kan tó gùn nínú Chrome, ẹ tẹ Ctrl àti F, ẹ ní kó wá "ọkọ́" fún yín, èyí tí àgbẹ̀ fi ń roko. Yóò kó ọkọ tó ń gbé ìyàwó wá, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, oko fúnra rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní kọ síbí. Chrome ń ṣe bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àmì ohùn, àti àmì ìdí ọ̀rọ̀ pàápàá. Mo gbà pé èyí wúlò fún ẹni tí kíbọọ̀dù rẹ̀ kò ní àmì, tó kàn tẹ "oko" tó sì fẹ́ kí wọ́n bá òun wá a. Firefox náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Ìyàtọ̀ ni pé níbi ìwá-ọ̀rọ̀ Firefox, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Match Diacritics" sí. Ẹ fi àmì sí i, ẹ fi àmì sí "Whole Words" náà, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà látinú ojú ìwé kí ẹ má baà tẹ̀ ẹ́ ṣì. Ọkọ́ nìkan ni yóò mú wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ fún iṣẹ́ ìwádìí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó tún ku ti fọ́ńtì. Nínú ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, "ẹ" ní àyè tirẹ̀, "é" ní tirẹ̀, àmọ́ "ẹ́" kò ní. Ńṣe ni a máa ń gbé àmì lé e lórí. Fọ́ńtì tí kò dáa á ju àmì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lójú ìwé a wá máa rí gbágungbàgun. Firefox gbà kí ẹ yọ fọ́ńtì tí ojú ìwé mú wá kúrò, kí ẹ fi èyí tó wù yín rọ́pò lórí gbogbo ojú ìwé. Chrome kò fún mi ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú ètò tirẹ̀.

Ṣé Firefox kò wá lálèébù ni? Ó ní, ó sì tóbi. Google ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún Mozilla, kí Firefox lè máa lo Google láti fi wá nǹkan. Ẹni tó ń bá ọ ta kàǹgbọ̀n ló tún ń bọ́ ọ. Ní oṣù kẹjọ 2024, Adájọ́ Amit Mehta ní Washington dájọ́ pé Google rú òfin láti fi gba ọjà ìwá-nǹkan mọ́wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 ó ní kò pọn dandan kí Google ta Chrome, ó sì lè máa san irú owó bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, Firefox ń mí, àmọ́ imú ẹlòmíì ló fi ń mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé Chrome lè túmọ̀ ojú ìwé sí Yorùbá, nítorí Google Translate ti ní Yorùbá láti 2013. Yorùbá ọ̀hún, ẹ fojú ara yín rí i.

Edge kò ṣe mí ní nǹkan kan, yàtọ̀ sí pé ó máa ń bẹ̀ mí bí oníbárà nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ gbé búráúsà mìíràn wọlé. Brave ń dí ìpolówó láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan kan kún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ Firefox lè gbà á.

Ní ti "Incognito" tí àwọn ọmọ gbà pé ó ń sọni di iwin, ohun tó ń ṣe ni pé kò tọ́jú ìtàn ibi tí ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà yín. Kò di ojú ẹni tó wà níta. Àwọn kan pe Google lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ ní 2020, ní 2024 Google sì gbà láti pa ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù àkọsílẹ̀ rẹ́. Ti Firefox náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má tan ara yín.

Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti di arúgbó, tó ṣì ń lo Windows 7, Chrome ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti 2023. Mozilla ṣì ń tún ẹ̀dà kan ṣe fún irú wọn lẹ́yìn ìgbà náà.

Bí mo ṣe tò ó nìyí: Firefox pẹ̀lú uBlock Origin ni mo fi ń kàwé, tí mo fi ń kọ̀wé. Edge tó bá Windows wá ni mo fi sílẹ̀ fún àwọn fọ́ọ̀mù alágídí wọ̀nyẹn, mi ò sì tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà kankan sínú rẹ̀, torí àwọn ọmọ-ọmọ náà ń lo kọ̀ǹpútà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Windows, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Apps, lẹ́yìn náà Default apps, ẹ mú Firefox níbẹ̀.