Oúnjẹ Ni Ọ̀rẹ́ Àwọ̀: Àyẹ̀wò Èdè Yorùbá Lórí Jíjẹ, Sísanra àti Ẹwà Ara

Ìfáàrà

Ó ti di ohun tí tẹrú-tọmọ ń sọ pé àwọn baba ńlá Yorùbá kò mọ ẹwà mìíràn lára obìnrin ju sísanra lọ, àti pé ọ̀làjú òkè òkun ni ó kọ́ àwọn ọmọ wọn láti máa yẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ sí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń fi ọdún sí i. Wọ́n ní ọdún 2001 ni, nígbà tí Agbani Darego gba adé Miss World ní ilẹ̀ South Africa, tí ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò dé adé náà. Ní ọdún 2002, ìwé ìròyìn New York Times gbé àròkọ kan jáde láti Èkó tí ó so adé yìí pọ̀ mọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹwà. Ìtàn náà rọrùn láti sọ, ó sì rọrùn láti gbà gbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tún un kọ sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn lọ́dọọdún láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀rí inú èdè kò gbe ìtàn yìí. Yorùbá ti ń yin ẹni tí ó sanra, wọ́n sì ti ń yin ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé adé bọ̀ láti òkè òkun. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí ìdájọ́ ń bọ́ sí: ó kúrò lórí ìwà ẹnu, ó bọ́ sórí ara. Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sórí ẹwà nìkan, à bá fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọge. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kéde ìlera ní èdè Yorùbá náà ti gba ìdájọ́ tuntun yìí wọlé, ó sì ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ara Nínú Oríkì àti Nínú Ọ̀rọ̀ Ojoojúmọ́

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Yàrá tí wọ́n ti ń bọ́ ọmọge kí ó lè sanra, tí àwọn òǹkọ̀wé òkè òkun fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí, àṣà àwọn Ẹ̀fíìkì ní Calabar ni. Ẹkún ìyàwó ni a mọ̀ mọ́ ọmọge Ọ̀yọ́ tí ó ń lọ sílé ọkọ. Ẹni tí ó bá gbé àṣà Calabar lé Yorùbá lórí nítorí pé Nàìjíríà ni gbogbo wọn, àìka ìwé tó ni.

Bí a bá wá yẹ àwọn orúkọ tí Yorùbá fi ń pọ́n obìnrin lé wò, ohun tí a bá níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n ní kí a máa retí. Eléyinjú ẹgẹ́ ń sọ ti ojú. Adúmáadán ń sọ ti àwọ̀ tí ó dúdú tí ó sì ń dán. Ìbàdí àrán ń sọ ti ìdí àti ohun ọ̀ṣọ́ tí ó yẹ ẹ́. Èjí ń sọ ti eyín. Kò sí èyí tí ó gbé ènìyàn sórí òṣùwọ̀n nínú wọn. Orúkọ kan ṣoṣo tí ó fẹ́ fara jọ ìwọ̀n ni ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó sì ń pè bẹ́ẹ̀!

Àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe náà ń jẹ́rìí sí i. Ẹni tí ó sanra lè rí rọ̀gbọ̀dọ̀, ìyìn ni. Ó sì lè rí ràgàjì, èébú ni. Ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ lè rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìyìn ni. Ó sì lè rù kan eegun, àánú tàbí ẹ̀gàn ni. Ìyìn wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èébú sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èdè tí ó bá fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kì í pín ọ̀rọ̀ báyìí.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ pé sísanra kò ní àyè pàtàkì kankan. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, sanra, tọ́ sí àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe sàn àti ọ̀rọ̀-orúkọ ara ni ó ṣeé rí nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gba ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Bí a bá gba ìtúpalẹ̀ yìí, ẹni tí ó sanra ni ẹni tí ara rẹ̀ sàn. Ìròyìn àlàáfíà ni, kì í ṣe ìròyìn ìwọ̀n. Òwe tí ó jẹ́ orí iṣẹ́ yìí náà kò sọ pé oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ ẹran ara. Àwọ̀ ni ó dárúkọ. Dídán ni wọ́n ń wò. Ìyàwó tí àwọ̀ rẹ̀ ń dán ni ẹlẹ́rìí pé ilé ọkọ dára. Bí ó bá rù, ọkọ ni àwọn àna yóò pè lẹ́jọ́. Ara ìyàwó jẹ́ lẹ́tà tí ìdílé kan ń kọ sí ìdílé kejì. Ìdí nìyí tí "Ẹ mà sanra o!" fi jẹ́ ìkíni láti ẹnu àwọn àgbà, tí ó sì di ọ̀rọ̀ àbùkù létí ọmọ wọn tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùtàn adé Miss World kì í rántí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti kéde ní gbangba pé àrùn éèdì ni ó pa Fẹlá àbúrò rẹ̀. Ìgboyà ńlá ni ìkéde náà, ó sì la ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún náà, ẹni tí ó bá ṣàdédé rù ní àdúgbò di ẹni tí wọ́n ń fojú sùn. Nínú ọdún mẹ́wàá kan náà tí wọ́n ní ara tẹ́ẹ́rẹ́ di àṣà ìgbàlódé, ìbẹ̀rù rírù ń pọ̀ sí i nílé àti lóko. Ìtàn tí ó lọ tààrà láti orí sísanra sí orí títẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gba méjèèjì pọ̀.

Wọ̀bìà Kì í Sanra

Ibi tí Yorùbá ti ń dá ẹjọ́ oúnjẹ gan-an ni inú àlọ́. Nínú àlọ́ tí ó gbajúmọ̀ jù nípa Ìjàpá àti Yánníbo aya rẹ̀, babaláwo se àsèjẹ fún Yánníbo tí ń wá ọmọ, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá kí ó má tọ́ ọ wò. Òórùn ọbẹ̀ borí ìkìlọ̀. Ìjàpá jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì wú. Nínú àlọ́ mìíràn, ó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà nílé àna rẹ̀, ó dé e mọ́rí, orí rẹ̀ sì pá títí di òní.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fi àlọ́ méjèèjì kọ́ ọmọ pé àjẹjù kò dára. Ìkà yẹn kò jinlẹ̀ tó. Ikùn tí ó wú nínú àlọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀rá. Oúnjẹ tí ó tọ́ sí ẹlòmíràn ni ó di ẹrù nínú ẹni tí ó jí i jẹ. Orí pípá kì í ṣe àmì ẹni tí ó jẹun jù. Àmì ẹni tí ó jalè níbi tí wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún un ni. Nínú àwọn àlọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ó ṣòro láti rí ibi tí a ti ní Ìjàpá sanra. Kékeré ni, èèpo ni ó pọ̀ lára rẹ̀, síbẹ̀ òun ni olórí wọ̀bìà. Ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀bìà wà láàárín òun àti àwọn tí ó yẹ kí ó bá jẹun: ó gba ìpín wọn. Òwe tí ó ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé ń sọ ohun kan náà. Àìní ẹni tí yóò báni ru igbá ni ìjìyà rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ikùn ńlá níbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run nìkan ni ó súnmọ́ ìkìlọ̀ nípa ara, òun náà ò sì sọ bí ara ẹni tí ń lọ sí ọ̀run ṣe rí.

Láti inú Ìse sí Orúkọ: Orobo àti Lẹ́pa

Ní nǹkan bí ọdún 1990 sókè ni ọ̀rọ̀ méjì gba ìgboro kan ní Èkó àti Ìbàdàn: orobo fún ẹni tí ó sanra, lẹ́pa fún ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Kí ọdún 2002 tó parí, fíìmù Yorùbá kan tí ń jẹ́ Lepa Shandy ti wà lọ́jà. Ohun tí àwọn alárìíwísí fi ń bú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta ni. Ẹ̀sùn yẹn kò tó nǹkan. Èdè tí kò bá gba ọ̀rọ̀ láti ìta kì í pẹ́ gbó.

Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù wà nínú gírámà wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni sanra àti rù. Ìyàwó Àkànní ti rù. Ó ti ń sanra padà. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni, ó ní ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè ní ìgbà tí yóò parí, a sì lè béèrè ohun tí ó fà á. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni orobo àti lẹ́pa. Orobo ni ìyàwó Àkànní. Kò sí ìgbà nínú gbólóhùn yìí, kò sí ìdí, kò sí ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́ bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀. Irú ẹni tí ó jẹ́ nìyẹn. Àwọn aláwàdà mọ agbára orúkọ yìí dáadáa: nígbà tí Bose Ogunboye gbé orúkọ Lepacious Bose wọ orí ìtàgé pẹ̀lú ara ńlá, orúkọ náà nìkan ti pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu. Nígbà tí ó wá fọn lójú gbogbo ayé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, orúkọ náà di òtítọ́, ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ sì kú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ láìfi bò pé orúkọ náà kì í sábà bá ọkùnrin. Ikùn tí ó ṣáájú ọkùnrin wọlé ṣì ń jẹ́ ikùn ọlọ́lá nínú agbádá.

Orúkọ Àrùn àti Àṣìgbọ́

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ikú àti ìyè. Ní ọdún 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní Nàìjíríà àti Cameroon, ní àwọn erékùṣù Caribbean, àti ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Àwọn Yorùbá agbègbè Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ènìyàn 16 nínú 100 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Bí ìwọ̀n ara ṣe ń pọ̀ sí i láti ibì kan dé èkejì ni àrùn náà ń pọ̀ sí i. Oúnjẹ tí ó ń jẹ àwọn ará Illinois ló ti ń bọ̀ wá bá àwọn ará Ìbàdàn: Mr Bigg's ti ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó ní 1986, wọ́n sì ti ń ṣe Indomie ní Ọ̀tà láti 1995.

Kí ni èdè fi ń kìlọ̀ fún wọn? Àtọ̀gbẹ ni orúkọ àtijọ́ fún àrùn ṣúgà: kí ènìyàn máa tọ̀ títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí àrùn náà ti wọ̀ lára tán ni orúkọ yìí yà ní àwòrán. Obìnrin tí ó rí rọ̀gbọ̀dọ̀, tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, kò rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ó parí sí gbígbẹ. Ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ tún ṣi àwọn mìíràn lọ́nà. Wọn a yọ ṣúgà kúrò nínú tíì, wọn a sì jókòó ti òkìtì ẹ̀bà. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò aládùn, èyí sì tún mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé inú ìgò nìkan ni ewu wà.

Àsanrajù ni èyí tí ó burú jù. Bí sanra bá jẹ́ kí ara sàn, àsanrajù ni kí ara sàn jù. Ta ni yóò sá fún un? Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, àwọn olóòtú ètò ìlera kan lórí rédíò máa ń fi orobo kún un kí ó lè ta. Ìtìjú ni wọ́n fi rọ́pò àlàyé. Olùgbọ́ tí wọ́n dójú tì yóò pa rédíò, yóò sì máa jẹun rẹ̀ lọ.

Kíkọ Oúnjẹ Láìṣẹ Olóúnjẹ

Àwọn olùkéde kan náà máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òǹjẹun dá wà nídìí àwo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi ìnáwó, ẹni tí ó bá ní òun kò jẹ, ó ti bú olóde. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé èdè ti pèsè fún èyí tipẹ́. Ẹni tí wọ́n bá lórí oúnjẹ yóò ní "Ẹ wá jẹun", àlejò yóò sì dáhùn pé "A gba ibi ire." Ó ti kọ̀ ọ́, ó sì ti súre fún un. Èkejì ni èèwọ̀. Ẹni tí a tẹ̀ nífá ń gba èèwọ̀ tirẹ̀, ìdílé mìíràn sì ní ohun tí wọn kì í jẹ. Kò sí olóúnjẹ tí ń bá wọn jiyàn.

Àwọn àgbà obìnrin kan ti mọ ọ̀nà yìí kí àwọn onímọ̀ ìlera tó dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹran ọlọ́ràá àti òkèlè ńlá síwájú ìyá bẹ́ẹ̀ lóde ìnáwó, yóò ní, "Dókítà ti sọ ọ́ di èèwọ̀ fún mi." Olóde yóò gbé àwo náà kúrò láìbínú, yóò sì pàṣẹ kí wọ́n gbé ẹ̀fọ́ àti ẹja wá. Lórí tábìlì kan náà, ọmọge tí ó bá ní òun kò jẹ nítorí pé òun kò fẹ́ di orobo, wọn yóò ní ó ń ṣe fàájì òyìnbó, wọn yóò sì bu ìrẹsì kún tirẹ̀.