Píìnì Tó Gbé Aago Dúró

Ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi kọ́kọ́ gbìyànjú láti pààrọ̀ okùn aago ọwọ́ mi nílé. Ẹnu ọ̀bẹ yọ̀, ó ha etí aago, ó sì gé mi ní àtàǹpàkò. Apá kan okùn náà bọ́, ṣùgbọ́n píìnì rẹ̀ ta dànù, mo wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì, mo kó aago náà àti okùn awọ tuntun tọ bàbá aláago kan lọ ní Tchaada, ní ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn, níbi tí ààlà Nàìjíríà kò ti jìnnà.

Kí wọ́n tó mú irinṣẹ́ kankan, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n sì ká etí rẹ̀ sókè yíká, kí ohun tó bá fò má bàa rìn jìnnà. Wọ́n wá dojú aago dé sórí aṣọ náà.

“Ẹ̀yìn la ti ń ṣí i, ọmọ mi.”

Wọ́n gé sẹ́lótéèpù wẹ́wẹ́, wọ́n fi bo etí aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di okùn mú. Wọ́n fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín etí méjì: mìlímítà 20. Wọ́n wọn orí okùn tuntun: 20 náà ni. Tó bá jẹ́ 18, okùn á máa rìn síwá sẹ́yìn lórí píìnì. Tó bá jẹ́ 22, awọ á ká jọ, kò ní jẹ́ kí píìnì rí ihò rẹ̀.

Ọ̀pá irin tín-ín-rín tó ṣófo ni píìnì yìí. Sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀, tó ń ti orí rẹ̀ síta sínú ihò etí aago. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, 1914 sí 1918, wáyà tí wọ́n jó mọ́ aago ló wà dípò píìnì lára ọ̀pọ̀ aago ọwọ́ àwọn ọmọ ogun. Kò sí ohun tó lè fò níbẹ̀. Sípíríǹgì tó jẹ́ ká lè pààrọ̀ okùn wàràwàrà, òun náà ló ń mú kí píìnì ta dànù.

Irinṣẹ́ bàbá kò gùn ju báírò lọ. Orí rẹ̀ kan là bí ahọ́n ejò. Wọ́n ki ibi tó là náà sáàárín okùn àti etí aago títí ó fi gbá ọrùn píìnì mú. Wọ́n fi ìka ìfábẹ̀lá òsì bo píìnì, wọ́n tì í síhà àárín, wọn kò gbé e sókè. Ó yọ jẹ́jẹ́ sábẹ́ ìka wọn.

Wọ́n fi ìka méjì tẹ píìnì àtijọ́ náà. Orí rẹ̀ kan wọlé, kò padà jáde mọ́. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ṣa méjì tuntun nínú agolo. Apá okùn tó ní irin ìdè lọ sí ọ̀dọ̀ 12, èyí tó gùn lọ sí ọ̀dọ̀ 6. Wọ́n fi orí píìnì kan sínú ihò, wọ́n tẹ ekejì wọlé, wọ́n wá rọra tú u sílẹ̀. Ó dún kọ́.

Bàbá kò fi ti dídún yẹn ṣe. Wọ́n gbé aago sí ìwọ̀n ìka mẹ́ta sókè aṣọ, wọ́n fa okùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan. Píìnì tó dúró létí ihò a máa jọ èyí tó wọlé pátápátá. Ó lè di ọjọ́ kẹta, lórí alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zémidjan, kí aago tó já bọ́.

Wọ́n ṣí sẹ́lótéèpù kúrò, wọ́n nu aago, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ìlà tí ọ̀bẹ mi fà wà níbẹ̀. Bàbá kò fi ìlà kankan kún un.