Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ ra èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ." Ìmọ̀ràn yìí kì í fìgbà gbogbo tọ̀nà.

Fídíò ìsìnkú ìyá àgbà wa jẹ́ gígábáìtì 5. Fíláàṣì tí bàbá mi rà ní Opebi jẹ́ gígábáìtì 16, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ fídíò náà. Òǹtajà ní kí wọ́n ra ti 32. Àyè kọ́ ló tán, òǹkà ni. FAT32, ètò tó ń to fáìlì sínú fíláàṣì náà, ń fi bíìtì 32 kọ ìwọ̀n fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bíìtì 32 kò lè ka báìtì kọjá 4,294,967,295. Bí ti 32 náà bá ń lo FAT32, òun náà yóò kọ̀ ọ́.

Ẹ wo nọ́ńbà fóònù. Òǹkà méje ló máa ń tẹ̀ lé 0803, nítorí náà nọ́ńbà tó lè jáde níbẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ìdí nìyí tí MTN fi tún ní 0806, 0703 àti àwọn mìíràn.

Àwọn kan sì wá ṣe é ní àṣejù. Bíìtì 128 ni Sun Microsystems fún ZFS, tó jáde ní 2005. Ṣé ó pọn dandan? Bíìtì 64 nìkan lè ka báìtì tó máa kún dísìkì terabáìtì kan-kan tó lé ní mílíọ̀nù 18. Ẹni tó bá ń kọ mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìsinmi yóò lo ju ọdún 5,800 lọ kó tó kún. Báìtì 8 ni àdírẹ́sì bíìtì 64 ń gbà. Ti 128 ń gbà 16.

Ẹnìkan lè ní àwọn tó ṣe FAT32 náà rò pé ó tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bíìtì kan ṣoṣo tí a bá fi kún un ń sọ òǹkà di ìlọ́po méjì. Láti 32 dé 64, ìlọ́po rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin.

A fi exFAT, tó ń fi bíìtì 64 kọ ìwọ̀n fáìlì, rọ́pò FAT32 lórí fíláàṣì kan náà. Fídíò ìyá àgbà wọlé, a kò sì ná kọ́bọ̀ sí i. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ó ṣe ń kà.