Ṣílè Méjì Adah

Ẹ bi ọmọ SS3 kan ní Agége pé kí ló wà nínú Second Class Citizen. Kíá ló máa dáhùn: ẹ̀kọ́ ìwé, ìyà obìnrin, ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ó gbà á. Ẹ wá bi í pé kí ni Adah fi ṣílè méjì ṣe. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti máa ń dákẹ́, torí ìwé àkékúrú ni wọ́n kà, wọn ò ka ìwé gan-an.

Buchi Emecheta, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Èkó, ló kọ ọ́. Ọdún 1974 ló jáde. Láti 2021 dé 2025, ó wà lára ìtàn àròsọ tí WAEC yàn fún lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí à ń há sórí torí ìdánwò yìí, ọ̀rọ̀ ìdánwò ló wà nínú ẹ̀.

Bàbá Adah ti kú, ó wá ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé arákùnrin ìyá rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó máa lọ síléèwé torí ọmọbìnrin tó kàwé máa mú owó orí ńlá wọlé. Àmọ́ kò rówó fọ́ọ̀mù ìdánwò girama. Wọ́n fún un ní ṣílè méjì pé kó lọ ra ẹran. Ó bo owó náà mọ́lẹ̀, ó sunkún wálé, ó ní ó sọ nù. Wọ́n nà án ní ẹgba 103. Síbẹ̀ inú ẹ̀ dùn: lójú tiẹ̀, ó ti fara ṣiṣẹ́ owó yẹn.

Àkékúrú á ní "Adah ní ìpinnu." Ọ̀rọ̀ tútù! Ọmọ yìí jalè, ó purọ́, a sì tún ń gbè é lẹ́yìn. Kí ló dé? Ohun tó yẹ kí kíláàsì jiyàn lé lórí nìyẹn. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ kan ní Ọba Àkran, tó ń pọnmi, tó ń wẹ àbúrò kó tó lọ síléèwé, mọ ohun tí ojú ń rí kówó fọ́ọ̀mù tó pé. Ó ní ohun tó máa sọ. Àkékúrú ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀.

Ìwé náà ní àléébù tiẹ̀ o. Nígbà tí ìtàn dé Lọ́ńdọ̀nù, Emecheta ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ká mọ inú Francis, ọkọ Adah. Ibi tó ń ṣe nìkan la ń rí, títí dórí ìwé tí ìyàwó ẹ̀ fọwọ́ kọ tó dáná sun. Ẹni tó ka ìwé lè sọ bẹ́ẹ̀, kó sì tọ́ka síbi tó ti rí i. Ẹni tó ka àkékúrú ò lè bá Emecheta jiyàn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ju àkékúrú nù. Ó wúlò fún orúkọ èèyàn àti orúkọ ibi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka orí méjì àkọ́kọ́. Ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan, kẹ́ ẹ bi ara yín: kí lẹni yìí ń wá, ìyà wo ló jẹ lórí ẹ̀, ta ló sì jèrè? Ẹ kọ èsì sílẹ̀ lọ́rọ̀ ara yín. Tó bá dọjọ́ ìdánwò, ìdáhùn yín ò ní jọ tẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.