Ìyá Tíṣà, Olùkọ́ Kíláàsì Kìíní

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kì í fẹ́ kíláàsì kìíní. Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tíṣà, ò fẹ́ òmíràn. Nígbà kan tí wọ́n gbé wọn lọ sí kíláàsì kẹfà, Ìyá Tíṣà kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi dá wọn padà. Ní báyìí tí wọ́n ti relé, àwọn èèyàn ń yìn wọ́n pé aláàánú ni wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló yẹ ká yìn jù.

Ọdún 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ kọjá 800,000 lọ́dún náà. Síléètì ò kárí, bẹ́ẹ̀ ni àga ò tó. Ìyá Tíṣà da iyanrìn sórí àtẹ, wọ́n ní kí ọmọ fi ìka kọ lẹ́tà gàdàgbà sí i, kó pa á rẹ́, kó tún un kọ. Ọmọ tí ìka rẹ̀ bá ti mọ ọ̀nà lẹ́tà nínú iyanrìn ló ń gba síléètì. Àmì ìsàlẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dúró di ìparí ọ̀rọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ọmọ fi sí i, torí bó bá gbàgbé rẹ̀, oko ló máa fẹ́ ìyàwó, ọkọ á di ibi tí wọ́n ń gbin iṣu sí.

Kí ọmọ tó fojú kan àmì ohùn, etí rẹ̀ á ti gbọ́ ọ. Wọ́n á gbé igbá sórí tábìlì, wọ́n á gbé igbà tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá pe igbá, ọwọ́ wọn á ròkè. Bí wọ́n bá pe igbà, ọwọ́ á wálẹ̀. Gbogbo kíláàsì á pa ẹnu dé, wọ́n á máa fi imú kùn ún: re mí, re dò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ṣọ́ọ̀kì tó kan pátákó.

Ìṣirò ńkọ́? Ogún òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tò sílẹ̀. Wọ́n á ní kí ọmọ mú mẹ́rin kúrò, kó pe orúkọ èyí tó ṣẹ́kù: ẹẹ́rìndínlógún. Ọmọ á wá rí i pé ó ti pẹ́ tí ẹnu òun ti ń yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún. Nígbà tí wọ́n bá dé orí àyọkúrò nínú ìwé, ẹ̀rù ò bà á mọ́.

Bí wọ́n bá ń máàkì, wọn kì í fa igi lórí àṣìṣe. Wọ́n á fi bírò pupa sàmì kékeré sábẹ́ ìlà tó ti ṣì, wọ́n á dá ìwé padà, ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa wá ibi tó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwa ọmọ-ọmọ nílé. Bí mo bá ṣa ẹ̀wà tí òkúta ṣẹ́kù sí i, wọn ò ní yọ ọ́. Wọ́n á ti àwo padà síwájú mi: “Tún un wò, ọkọ mi.”

Nígbà tí àkọtọ́ tuntun dé ní 1974, tí “aiye” di “ayé”, tí “ẹiyẹ” di “ẹyẹ”, Ìyá Tíṣà jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n tún gbogbo káàdì tí wọ́n ti fọwọ́ kọ kọ. Wọ́n ti lo nǹkan bí ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Kò ní ya ẹni tó bá ti rí Ìyá Tíṣà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́nu.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ yé fi ẹni tí kò tíì mọṣẹ́ sí kíláàsì kìíní. Ẹni tó mọṣẹ́ jù láàárín yín ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀.